Ọmọbìnrin tó lé wa kúrò nídìí ọkọ̀ tó ń fì

Ẹkún ọmọ kò rí bákan náà, abiyamọ ló mọ̀ ọ́n. Ti ebi lọ́tọ̀, ti oorun lọ́tọ̀, ti ìkanra lọ́tọ̀. Èyí tí àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ké lórí itan mi ní ìsàlẹ̀ sìláìdì ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Èkó lọ́jọ́ kẹta Iléyá tó kọjá, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń tọ́mọ. N kò ní dárúkọ ọgbà náà torí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwòsàn ṣì wà láàárín èmi àti wọn, kò tíì tán. Bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó, iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì, bí oúnjẹ wọn ṣe wọ́n tó, àwọn mìíràn ti kọ ìyẹn tó. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni inú ti kọ́kọ́ bí mi, orí ohun mìíràn sì ni. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méje, kò sọ nǹkan mìíràn ní ọ̀sẹ̀ yẹn ju ọkọ̀ ńlá tó ń fì síwá sẹ́yìn lọ. A tò fún bí ogójì ìṣẹ́jú nínú oòrùn. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ní kí ọmọ mi bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ṣùkú gogoro ni mo di fún un fún ọdún. Ọmọbìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ṣùkú yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan agbárí, ó wá wo àmì. 120 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń fẹ́. Ọmọ mi jẹ́ 117.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Kò tíì tó."

Mo ní, "Àbúrò, nítorí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta? Èmi ni màá jókòó tì í. Màá dì í mú."

"Mọ́mì, ẹ ò lè dì í mú. Ẹ má bínú, mà."

Bó ṣe sọ ọ́, láìrẹ́rìn-ín, láìbojú wẹ̀yìn, ni inú fi bí mi. Ọmọ mi ti ń sunkún, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pòṣé. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá náà dé, ó bẹ̀ mí, ó ní ọmọbìnrin yẹn kì í mọ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan lójú mi. Ó wá fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ méjì láti fi tù mí nínú. Sìláìdì ni ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọkùnrin tó wà lókè sìláìdì ní tirẹ̀ lójú ẹ̀rín, ẹ̀yin náà á fẹ́ràn rẹ̀. Ó kí mi kú ọdún, ó bá ọmọ ṣeré, ó ní kí n gbé e lé itan, kò séwu, gbogbo ìyá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Kò ní kí a bọ́ ọ. A gbéra. Nígbà tí a dé bí ààbọ̀, ọmọ na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí bàtà yẹn sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sìláìdì ṣinṣin. Ẹsẹ̀ dúró. Èmi ò dúró. Gbogbo ìwúwo mi ń bá ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń gbé ara ọmọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá yí sẹ́yìn láàárín itan mi àti ẹ̀gbẹ́ sìláìdì. Kò pẹ́ tó kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n sọ òótọ́ nípa nọ́ọ̀sì wọn. Ìyá àgbàlagbà ni, aṣọ rẹ̀ funfun nini, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ náà dúró láti wò ó bóyá á lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀, bí ọkọ mi ṣe fẹ́ ṣe. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n mú páálí móọ̀tì wá, ó gé e pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì, ó ká a bí gọ́tà, ó fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, ó sì fi báńdéèjì dì í láti òkè orúnkún títí dé gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ó ń kọrin sí i létí ní gbogbo ìgbà yẹn. Dókítà tó tú páálí náà ní ilé ìwòsàn béèrè ẹni tó dì í, ó ní iṣẹ́ dáadáa ni. Mọ́mì nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá rí èyí, Ọlọ́run yóò dúró ti ọmọ tiyín.

Máníjà dé nígbà tí a ń gbé ọmọ wọ mọ́tò. Bébà ló mú wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọgbà ti kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé ọmọ lé itan, n kò sì ní bá wọn ṣẹjọ́. Ọmọ mi ń jẹ̀rora, máníjà ń na báírò sí mi! Ọkọ mi gba bébà náà, ó ká a, ó fi sápò, ó ní a máa kà á nílé. Ó ṣì wà lọ́wọ́ wa. A tún ní àwòrán tí ọkọ mi yà nígbà tí a ń gun òkè sìláìdì, níbi tí pátákó wọn ti hàn lẹ́yìn mi: ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá yọ̀ ni. Oòrùn ti pa lẹ́tà rẹ̀ dà, igi òdòdó sì bo ìdajì. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìkìlọ̀, òṣìṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ kò rí i kà.

Ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó ya àwòrán eegun rárá ni dókítà ti béèrè: "Sìláìdì ni? Orí itan tiyín ló wà?" Ẹnu yà mí. Ó ní irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹsẹ̀ dídá àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta tó ń ti ibi ìṣeré wá, àti pé ọmọ tó bá dá yọ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há, òun náà á dúró ni, torí pé kò wúwo. Ìwúwo àgbàlagbà ló ń dá eegun. Mo padà kà á pé àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ yìí ní 2017: láàárín 2002 sí 2015, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tó farapa lórí sìláìdì lé ní 350,000 ní orílẹ̀-èdè yẹn, ojúgun ni eegun tó sì ń dá jù. Ìfẹ́ ni ìyá ń ṣe tó fi ń gbé ọmọ lé itan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Pí-ó-pí, ìyẹn ohun líle funfun tí wọ́n fi ń di eegun tó dá, láti itan dé ọmọ ìka fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nínú ooru Èkó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo padà lọ sí ọgbà náà nítorí owó. Máníjà kò sí lórí ìjókòó, mo wá ń rìn kiri. Mo rí ọmọbìnrin ọjọ́sí nídìí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú bàtà àwọn tó ń wọ omi. Mo béèrè ìdí tí kò fi sí nídìí ọkọ̀ mọ́. Ó wolẹ̀. Ó ní wọ́n gbé òun kúrò lọ́jọ́ kẹta Iléyá, pé ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ti pọ̀ jù.

Ẹ̀sùn tèmi ló kẹ́yìn.

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kó ṣàlàyé ohun tí n kò jẹ́ kó ṣàlàyé lọ́jọ́ náà. Ó fi apá rẹ̀ dábùú itan àwa méjèèjì. Ó ní irin kan ṣoṣo ló wà fún ìjókòó kan, itan ẹni tó tóbi jù ló sì máa ń dúró lé. "Ẹ wò ó, mà, ó ti kan yín. Ẹ wo àyè tó kù lórí itan tèmi." Ẹ̀ṣẹ́ mi méjì wọ ibẹ̀. Ó ní tí ọkọ̀ bá gòkè, ìdí gbogbo èèyàn máa ń gbéra, ibẹ̀ sì ni ọmọ kékeré ti lè yọ́ gba abẹ́ irin. Ọwọ́ ìyá tí ara òun náà ti gbéra, kí ni yóò dì mú?

Irú àyè yẹn ló pa ọmọ ọdún 14 kan ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta 2022. Ilé gíga tí wọ́n ti ń já ìjókòó wálẹ̀ ni. Àwọn tó wádìí rẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Florida rí i pé wọ́n ti fi ọwọ́ tún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìjókòó rẹ̀ ṣe, kó lè gbà kí wọ́n gbéra bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ìdáàbòbò kò sún mọ́ ọn tó. Àyè tó yẹ kó jẹ́ bí íǹṣì mẹ́ta di bíi méje. Iná fi hàn pé ó dára, wọ́n sì fà á lọ sókè. Ẹnì kan ti sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó má kọ̀ fún oníbàárà mọ́. Ohun tí ọgbà tèmi ṣe fún ọmọbìnrin yìí gan-an nìyẹn, èmi ni mo sì bá wọn ṣe é.

Mo ti kọ lẹ́tà, mo fi ọwọ́ sí i, mo ní ẹ̀sùn mi kò tọ́, kí wọ́n dá a padà sídìí ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ẹni tó lè sọ pé rárá sókè sìláìdì. Wọn ò tíì fèsì. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹsẹ̀ àbúrò ńkọ́, Mọ́mì?" Ó ti gbọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọkọ mi ní orí mi ò pé, pé 1 ló yẹ wọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo bá rántí páálí móọ̀tì yẹn, àti àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ ṣùkú ọmọ mi mọ́lẹ̀, n kò lè kọ 1.

Àbígbẹ̀yìn ti ń rìn, ó ṣì ń tiro díẹ̀. Lánàá, àkọ́bí fẹ̀yìn ti ògiri yàrá, ó ní kí n wọn òun. 118. Mo sọ fún un pé ó ku méjì.