Gìtá fún ọwọ́ kékeré: ohun tí téépù aránṣọ fi hàn mí

Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wọn èèyàn kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ ra gìtá, n kò wọn nǹkan kan. Mo rí èyí tó ń dán lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin, mo sanwó, mo gbé e wálé. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi jẹ ìyà rẹ̀.

Gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní classical. Ọwọ́ mi sì kéré. Bí mo bá yà á dáadáa, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, sẹ̀ǹtímítà 18 péré ni. Olùkọ́ mi, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ nípa orin ní Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi níbí, a máa sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ìka kọ̀ọ̀kan ní fret tirẹ̀." Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Màá gbé ìfábẹ̀lá sí fret kìn-ín-ní, màá wá na ọmọńdinrín lọ sí ẹkẹrin. Á máa gbọ̀n. Dípò kó dúró lẹ́yìn irin gan-an, ìdajì ọ̀nà ló máa ń balẹ̀ sí, á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí okùn kejì, ohùn á sì máa kùn yùn-ùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó máa ń nira fún mi láti fi ọwọ́ òsì darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Iṣẹ́ oúnjẹ mi nìyẹn, ẹ̀rù sì bà mí.

Mo wá lọ ra òmíràn lọ́jà. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Àǹtí, kékeré lèyí, ti àwọn ọmọdé ni." Lóòótọ́, ikùn rẹ̀ kéré. Okùn irin ló wà lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ti àkọ́kọ́. Kò tán ìṣòro kankan.

Ọjọ́ yẹn ni mo fa téépù yọ lọ́rùn mi. Mo wọn ibi tí okùn ti ń dún, láti egungun funfun tó wà lókè ọrùn gìtá dé egungun tó wà lórí ikùn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 650. Olùkọ́ mi ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò nìyẹn, láti ìgbà Antonio de Torres, agbẹ́gìtá ará Sípéènì tó kú ní 1892. Yamaha C40 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, 650 náà ni, ọrùn rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 52 lókè. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ikùn gìtá kọ́ ló ń da ọwọ́ òsì láàmú. Okùn ni. Bí okùn bá ṣe gùn tó ni àwọn fret ṣe ń jìnnà síra wọn tó.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Lórí 650, láti egungun òkè dé fret kẹrin jẹ́ mìlímítà 134. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ jẹ́ 615, ó di 127. Lórí 580, ó di 120. Ẹni tí kì í ṣe aránṣọ lè ní kí ni mìlímítà méje já mọ́. Ẹ bi obìnrin tí abíyá bùbá rẹ̀ fi ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún un jù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yá capo, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá kó lè tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan. Olùkọ́ mi ló kọ́ mi ní èyí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ẹ fi capo há fret kìn-ín-ní gìtá 650: ohun tó kù nínú okùn jẹ́ nǹkan bíi 613. Ẹ fi há ìkejì, ó di 579. Ẹ dẹ okùn díẹ̀ kí ohùn má baà ga jù, kí ẹ wá ta á fún ọ̀sẹ̀ kan. Capo a máa jẹ́ kí okùn sún mọ́ ọrùn gìtá díẹ̀, nítorí náà yóò rọrùn ju bó ṣe máa rí gan-an lọ, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ bóyá gígùn ni ìṣòro yín. Fún èmi, ìka mi balẹ̀ lẹ́yìn irin lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo ta á léraléra, mo fẹ́ sunkún.

Cordoba Cadete ni mo rà níkẹyìn. 615 ni okùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi rà á; nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí i, mo ní kò gbọ́dọ̀ ra ohun tí kò bá jẹ́ 615. Owó ìránṣọ Iléyá àti ti Kérésìmesì ló lọ sí i. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Kọ́ọ̀dù F, tí ìka kan ti máa ń tẹ okùn púpọ̀ pọ̀, tí mo sì ti ń sá fún, mo ń dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, ọwọ́ kò sì dùn mí mọ́. Mo ń fi í gbe orin lẹ́sẹ̀ fún kúáyà wa.

Ohun tó yẹ kí ẹ retí: okùn kúkúrú kì í fà tó okùn gígùn. Láti 650 sí 615, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń dín kù nínú líle rẹ̀. Okùn kẹfà lè máa rọ̀, kó máa gbá irin. Okùn tí wọ́n kọ hard tension (ìyẹn, èyí tó máa ń le jù) sí lára páálí rẹ̀ ni mo ń lò, ó sì tó. Ohùn ìsàlẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti gìtá ńlá. Nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, kò dí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi okùn irin sí gìtá onínáílọ́ọ̀nù láé. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe é nítorí kó lè dún kíkan, yóò sì ṣí egungun ìsàlẹ̀ kúrò lórí pákó. Lásìkò ọyẹ́, inú àpò rẹ̀ ni mo ń tọ́jú tèmi sí, pẹ̀lú kànìnkànìn tútù nínú ike ọṣẹ tí mo lu ihò sí.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, kí orí gìtá gòkè, kí àtàǹpàkò wà láàárín ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kéré púpọ̀ lè rí i pé èyí nìkan tó òun.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń bèèrè tirẹ̀. Mo ya ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ, sẹ̀ǹtímítà 15 ni. Yamaha CGS103A tí okùn rẹ̀ jẹ́ 580 ni mo ń wá fún un báyìí. Mo ti kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kí n lè tún un wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀.