Àpótí Májẹ̀mú àti Káábà: èwo ló ń rìn, èwo ló dúró?

Àpótí Májẹ̀mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò tóbi rárá: ìgbọ̀nwọ́ 2½ ní gígùn, 1½ ní ìbú àti ní gíga. Igi kasíà ni, wúrà ni wọ́n fi bò ó nínú àti lóde. Ohun tó gbàfiyèsí mi jù ni òrùka mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ àti ọ̀pá tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n, tí òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ yọ láé. Ìgbàkigbà ni àpótí náà lè gbéra, torí Ọlọ́run ń bá wọn rìn. Síbẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ússà dì í mú nígbà tí màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé e sí kọsẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló kú.

Káábà, ilé mímọ́ àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Mẹ́kà, kì í lọ síbì kankan. Àwọn èèyàn ló ń yí i po lẹ́ẹ̀meje, òun á sì wà lápá òsì wọn. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 13, aṣọ dúdú ló bò ó. Inú rẹ̀ wá ńkọ́? Òpó mẹ́ta àti àwọn fìtílà tó so rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. (Mùsùlùmí kì í bọ ilé náà o, Ọlọ́run ni wọ́n ń sìn.) Lójú tèmi, òfìfo yẹn lágbára ju wàláà òkúta Òfin Mẹ́wàá tó wà nínú àpótí lọ.

Àmọ́ ẹ wo Ibi Mímọ́ Jùlọ nínú tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì: ìgbọ̀nwọ́ 20 ní gígùn, 20 ní ìbú, 20 ní gíga. Yàrá yẹn, tó dọ́gba níhà gbogbo tí kì í sì í kúrò lójú kan, jọ Káábà ju àpótí tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ lọ.