Short shifter fún Honda Civic mánúà: ẹ ra búṣì kí ẹ tó rà á

Bí ọ̀pá jíà ọkọ̀ yín bá ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ, short shifter, ìyẹn ọ̀pá jíà tí wọ́n ṣe kí ìrìn ọwọ́ lè kúrú, kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ra nǹkan yìí nìyẹn: jíà ò wọlé bó ṣe yẹ mọ́, ọwọ́ ò mọ ibi tí kẹta wà sí ibi tí karùn-ún wà, a wá rò pé ọ̀pá kúkúrú ló máa tún un ṣe. Mo ti fi ọ̀kan sínú Civic mi, mo ti wà á pẹ́ débi pé mo mọ ìwà rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, ìdajì nínú ohun tí wọ́n fi ń yìn ín, búṣì ló ni ín, ìyẹn àwọn òrùka rọ́bà tàbí ike tó wà níbi tí irin ti pàdé irin.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni Honda Civic tó jáde láàárín ọdún 1996 sí 2000, mánúà oníjíà márùn-ún. Mo dárúkọ ọdún torí pé ohun tó wà láàárín ọwọ́ wa àti jíábọ́ọ̀sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Nínú tèmi, irin gígùn méjì ló gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Èkíní ni ọ̀pá jíà ń tì, tó ń fà, tó sì ń yí; òun ló ń lọ yan jíà. Èkejì kì í yan ohunkóhun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó so ìjókòó ọ̀pá mọ́ jíábọ́ọ̀sì, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá mì. Láti 2001 ni Civic ti fi irin sílẹ̀, tó bọ́ sórí wáyà, nítorí náà kí ẹni tó ní ti 2001 sókè má ra irú èyí, kò ní wọ̀ ọ́. Ti Mazda MX-5 tún yàtọ̀ sí méjèèjì: ọ̀pá jíà rẹ̀ wọ orí jíábọ́ọ̀sì gan-an lọ ni, kò sí irin kankan láàárín, ìdí sì nìyẹn tí jíà rẹ̀ fi mọ́ lọ́wọ́ láti ilé iṣẹ́ wá.

Ohun tó wà nínú páálí tí mo rà kò pọ̀: ọ̀pá irin kan tó ní bọ́ọ̀lù lára, búṣì méjì, òrùka rọ́bà, àti gírísì díẹ̀ nínú ọ̀rá. Bọ́ọ̀lù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Òun ni ọ̀pá fi jókòó, òun ló fi ń yí. Apá òkè rẹ̀ ni ọwọ́ ń dì mú, apá ìsàlẹ̀ ló ń ti irin. Mo fi rúlà wọn ọ̀pá tó bá ọkọ̀ wá: sẹ̀ǹtímítà 24 láti bọ́ọ̀lù dé orí, 6 láti bọ́ọ̀lù dé ojú ihò ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ìsàlẹ̀ bá rin sẹ̀ǹtímítà kan, ọwọ́ mi á rin mẹ́rin. Nínú ọ̀pá tuntun, òkè di 22, ìsàlẹ̀ di 8, sẹ̀ǹtímítà kan nísàlẹ̀ wá di 2.75 lókè. Láti jíà kìíní dé kejì, ọwọ́ mi máa ń rin sẹ̀ǹtímítà 12 tẹ́lẹ̀. Ó di díẹ̀ lé ní 8. Ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín. Iye tí wọ́n kọ sára páálí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbára lé rúlà yín.

Ohun kan tí páálí kò kọ rárá ni pé ìrìn tó dín yẹn kò dín lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí jíábọ́ọ̀sì ń bèèrè lọ́wọ́ wa kò yí padà. Bí ọ̀nà ọwọ́ bá kúrú, agbára tí ọwọ́ máa lò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, àti pé lórí ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí, ó fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tí ọrùn ọwọ́ máa ń dùn rò ó dáadáa.

Nígbà tí mo gba páálí náà, mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀pá. Búṣì ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, mo sì wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àtijọ́, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ búṣì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ short shifter. Ibi mẹ́ta ni ẹ máa wò: ibi tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ti pàdé irin, ibi tí irin kejì ti di jíábọ́ọ̀sì mú, àti rọ́bà tó gbé ìjókòó ọ̀pá mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ooru ti sè wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ́ìlì tó ń jò ti kán lé wọn lórí. Ti ibi àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ mi ti fọ́ wẹ́wẹ́, irin kan ń lu irin kejì. Polyurethane, ike kan tó dà bíi rọ́bà ṣùgbọ́n tó le jù ú lọ, ni mo fi rọ́pò gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ tí mo rí lọ́jọ́ yẹn tóbi ju èyí tí mo rí lẹ́yìn náà nígbà tí mo fi ọ̀pá kúkúrú sí i. Jíà kẹta dúró síbi tó yẹ kó wà. Ọ̀pá kò yọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá wọlé. Bí mo bá tì í, mo mọ ìgbà tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dúró síbẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú owó wọn tó kù, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni méjì tó bi mí léèrè.

Iṣẹ́ ọ̀pá gan-an kò le, abẹ́ ọkọ̀ ló le. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì mẹ́rin, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ jẹ́ kí páìpù sàlẹ́ńsà tutù pátápátá, torí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni orí yín máa wà. Nínú ọkọ̀, ẹ yí kókó orí ọ̀pá kúrò, ẹ tú ike àárín, ẹ ká awọ rẹ̀ sókè. Lábẹ́, páànù tó ń gba ooru sàlẹ́ńsà lè ṣèdíwọ́. Ẹ tú u bó bá yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀tù àti bóòtì tó gba ìdí ọ̀pá kọjá sínú irin. Tèmi ti dípẹtà débi pé mo fi ọ́ìlì rin ín di ọjọ́ kejì. Bí bóòtì bá ti jáde, ó ku rọ́bà àti kílíìpì roboto tó di bọ́ọ̀lù mú. Kílíìpì yẹn máa ń fò, ẹ wọ gíláàsì sójú. Bó bá ti yọ, ọ̀pá bọ́ nínú ìjókòó rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ nu ìjókòó bọ́ọ̀lù mọ́ kí ẹ tó fi tuntun sí i. Iyanrìn tó bá kù níbẹ̀ máa lọ bọ́ọ̀lù tuntun bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Gírísì tó bá búṣì polyurethane wá ni kí ẹ fi pa á, ẹ má fi ọ̀kan tó kàn wà nílẹ̀ rọ́pò, bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì má ṣe fi nọ́ọ̀tù àtijọ́ padà sídìí ọ̀pá. Nọ́ọ̀tù tó ń di ara rẹ̀ mú kò ní agbára kan náà mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti tú u, èyí tó wà níbẹ̀ sì ni gbogbo jíà yín gbára lé: bó bá bọ́ lójú pópó, ọ̀pá á kàn máa yí lọ́wọ́ yín lásán ni.

Kí n tó dá ike àárín padà, mo ní kí àbúrò mi jókòó sáyè awakọ̀, ẹ́ńjìnnì kú, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó máa mú jíà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èmi máa wo ìdí ọ̀pá láti abẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kejì rèé. Kẹta. Ẹ̀gbọ́n, rìfáàsì kò fẹ́ wọlé." Rọ́bà tuntun ló ká lábẹ́, mo tún un tẹ́, rìfáàsì sì wọlé. Ẹ má fo ìdánwò yìí rárá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ohun gbogbo ṣì ṣí sílẹ̀ dára ju kí ẹ tún tú gbogbo rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí àléébù tó tóbi jù nínú ọ̀pá tí mo rà. Nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn sí i, ìdí irin sún mọ́ páànù ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lórí sítáǹdì, àyè díẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ gun òkè, tí ẹ́ńjìnnì sì ń fa ẹrù, ó mì, ó mú irin mì, irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páànù. Ìró rẹ̀ wọnú ọkọ̀ bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já. Mo tẹ páànù wọlé díẹ̀díẹ̀ títí àyè fi tó, ìró náà sì lọ. Ẹni tó ń ta ọjà yìí yẹ kó kọ ọ́ sínú ìwé tó bá páálí wá, kò sì kọ ọ́.

Wíwa rẹ̀ wá ńkọ́? Ó dùn. Ìṣípòpadà láti kejì sí kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, apá kò kúrò níbi tó wà. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ náà kúrú díẹ̀, torí òkè ọ̀pá fúnra rẹ̀ kúrú sí i. Nígbà tí jíà bá wọlé, ọwọ́ á gbọ́ ọ kedere, kò sí àníàní. Lójú ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ènìyàn ń bọ́ sí kẹta tó tún ń padà sí kejì léraléra, ó ń mú inú mi dùn débi pé mo máa ń gba ọ̀nà tó jìn.

Láàárọ̀, tí ọ́ìlì jíábọ́ọ̀sì bá ṣì tutù tó sì ki, kìíní sí kejì máa ń le. Ó le tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi ọ́ìlì tí Honda ṣe fún jíábọ́ọ̀sì mánúà wọn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ó sì rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kókó orí ọ̀pá tó wúwo tún ràn án lọ́wọ́, torí ìwúwo rẹ̀ ń bá ọwọ́ tì í. M10 × 1.5 ni ìwọ̀n ihò oníyíyí tí kókó Honda fi ń wọ orí ọ̀pá, ọ̀pá tuntun sì lo ìwọ̀n kan náà, nítorí náà kókó tó bá ọkọ̀ wá ṣì wọ̀ ọ́.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ibi tí mi ò ti fẹ́ràn rẹ̀. Kìíní, fíríì, kìíní, kejì, fíríì, fún wákàtí kan gbáko: ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára. Ariwo náà pọ̀ sí i. Polyurethane kò gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra bíi rọ́bà, nítorí náà ìró jíábọ́ọ̀sì ń gba orí ọ̀pá wọlé, pàápàá nígbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ní jíà kẹta. Èmi fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé ó ń mú ọkọ̀ sáré. Kí jíà kan tó wọlé, òrùka idẹ kan nínú jíábọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ fara kan jíà náà, á mú kí eré àwọn méjèèjì dọ́gba. Synchro ni wọ́n ń pè é. Kò kàn án bí ọ̀pá ṣe gùn tó. Àkókò tó nílò ló nílò. Ẹni tó bá ń fi ipá gbá ọ̀pá kúkúrú wọlé torí pé ọ̀nà rẹ̀ kúrú, òrùka yẹn ló ń jẹ run, jíà kejì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ fẹ̀hónú hàn pẹ̀lú ariwo irin. Bí jíà kejì yín bá ti ń ké kí ẹ tó fi short shifter sí i, ẹ tún jíábọ́ọ̀sì ṣe ná.

Ẹ tún ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀. Nítorí pé àwọn ojú ọ̀nà ti sún mọ́ra, ẹni tó fẹ́ fa ọ̀pá láti karùn-ún sí kẹrin lè bá ara rẹ̀ ní kejì bó bá fi ipá fà á sápá òsì. Nígbà náà, táyà ni yóò yí ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tó lè dé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò lè gbà á sílẹ̀, torí epo nìkan ló lè gé, kò sì lè dá táyà dúró. Spíríǹgì inú jíábọ́ọ̀sì máa ń dá ọ̀pá padà sí àárín kẹta àti kẹrin fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ọwọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ síbẹ̀, kí ẹ wá fà á tààrà.

Ẹni tó ń wakọ̀ fún ìgbádùn, tí jíábọ́ọ̀sì rẹ̀ yá, tí búṣì rẹ̀ sì jẹ́ tuntun, mo ní kó rà á. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ jókòó nínú sún-kẹrẹ ní gbogbo òwúrọ̀, búṣì nìkan tó o. Bí ẹ bá sì fi sí i, ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sípánà dán nọ́ọ̀tù ìdí ọ̀pá wò, torí búṣì tuntun máa ń jókòó sílẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀tù náà á sì ti fẹ́ tú.