Ilé àlùfáà tuntun: ká ṣe láńṣìn ni, àbí ká pín in fún àwọn ẹgbẹ́?

Bí ìjọ Áńgílíkà bá fẹ́ kọ́ fíkárééjì, ìyẹn ilé àlùfáà, nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Láńṣìn ni ti àkọ́kọ́: ẹ pe alága ọjọ́, ẹ ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ìjọ tó wà lẹ́yìn odi, kí kálukú dìde kéde iye tó fẹ́ dá. Owó ńlá lè wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìlérí kì í ṣe owó o! Ẹni tó gba máìkì tó ṣèlérí irin àti páànù lè máa sá fún akápò títí di ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Kánópì àti ìrẹsì ọjọ́ náà ńkọ́? Owó ni.

Èkejì, ẹ pín iṣẹ́: ẹgbẹ́ ìyá gba ilé ìdáná, akọrin gba fèrèsé, àwọn bàbá ìjọ gba òrùlé. Ó máa ń falẹ̀, sìmẹ́ńtì sì lè gbówó lórí kẹ́ ẹ tó parí. Síbẹ̀, èyí ló wù mí jù, torí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa yọjú wo iṣẹ́ tirẹ̀. Kọ́ńtírátọ̀ wo ló fẹ́ kan páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níṣojú àwọn bàbá ìjọ? Tí òjò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ fi láńṣìn kékeré gbé ìpìlẹ̀ dìde, kẹ́ ẹ pín ìyókù.