Àgbéyẹ̀wò: kẹ̀kẹ́ méjì àti kayak kan lórí ọkọ̀ kékeré

Ìlú Manchester ni mò ń gbé, ọkọ̀ mi kò sì gùn tó mítà 4. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni mo ti ń fi í gbé kayak kan (ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi àjẹ̀ wà) àti kẹ̀kẹ́ méjì, tèmi àti ti ọmọ mi, lọ sí adágún Windermere.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí ó kọ́kọ́ wo inú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ bóyá òrùlé rẹ̀ lè gba ẹrù náà. Kílò 50 ni tèmi gbà, ìwọ̀n àwọn ọ̀pá ìdábùú orí ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá méjèèjì àti ìkọ́ tí kayak ń sùn lé jẹ́ kílò 9, kayak jẹ́ 22, kẹ̀kẹ́ méjèèjì sì jẹ́ 28. Bí mo bá kó gbogbo wọn sókè, ó di 59. Ìdí nìyí tí mo fi fi òrùlé sílẹ̀ fún kayak nìkan, tí mo sì ra irin agbékẹ̀kẹ́ tí a ń so mọ́ búùtù.

Ìkọ́ kayak náà, tí ó tẹ̀ bíi lẹ́tà J, tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Bẹ́líìtì tí a ń fi ọwọ́ fà ni ó bá a wá, èyí sì dára, nítorí ike ni ara kayak. Bí a bá fi bẹ́líìtì tí a ń fi irin fà dè é le jù nínú oòrùn, ara rẹ̀ lè tẹ̀ wọnú. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e gba òpópónà M6, àwọn bẹ́líìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n, débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Mo dúró ní ibùdó ìsinmi, mo lọ́ bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí n tó tún un dè, ariwo náà sì dákẹ́ pátápátá. Ẹ má ṣe gbàgbé láti fi okùn so imú àti ìdí kayak mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó rí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ gbé e.

Irin agbékẹ̀kẹ́ ni ó dùn mí. Ó di kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, ṣùgbọ́n ó bo nọ́ńbà ọkọ̀ àti iná ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba kí nọ́ńbà fara pamọ́. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó páùn 1,000. Ẹni tí ó tà á fún mi kò sọ ọ́. Ó di dandan kí n ra pátákó tí ó ní iná àti nọ́ńbà, kí n sì san owó fún rẹwáyà tí yóò fa iná rẹ̀, owó tí ó ju ti irin náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti wà níbẹ̀, búùtù kò ṣeé ṣí, nítorí náà ìjókòó ẹ̀yìn ni oúnjẹ wa ń wà.

Bí mo bá tún ra ti kẹ̀kẹ́, èyí tí ó ń gbé wọn ga kọjá nọ́ńbà àti iná ni n ó rà. Ìkọ́ kayak yìí kan náà ni n ó tún rà.