₦5,000 lórí ìrìn kẹjọ

₦5,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì (chess) ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè bá mi yẹ ayò kan ṣoṣo tí mo pàdánù nínú ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wa wò. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni tíṣà fi ń wo fóònù, tí ó ń ka nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ìrìn kọ̀ọ̀kan sí mi létí. Nígbà tí mo béèrè ibi tí mo ti ṣì í, ó ní ojo ní ń fi pọ́ọ̀nù, ọmọ ayò kékeré, tí a gbé sí ojú c4 bẹ̀rẹ̀ ayò. Inú bí mi gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ tí Staunton, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lò fún Saint-Amant, ọmọ Faransé, ní Paris ní ọdún 1843, tí wọ́n fi ń pè é ní ti Gẹ̀ẹ́sì títí dòní, ni ó pè ní ti ojo! Mo ti dìde, mo fẹ́ lọ wá mícrà padà sí Adátán, nígbà tí ọmọkùnrin tí ń bá wọn to ọmọ ayò sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìrìn kẹjọ yín ni kí a wò."

Ó to ayò náà láìwo ìwé. Alátakò mi ti fi ẹṣin jẹ ẹṣin mi ní c3, mo fi pọ́ọ̀nù b gbẹ̀san, ọ̀nà sì ṣí fún róòkù mi, tí ń rìn gbọọrọ, ní b1. Bíṣọ́ọ̀bù mi, tí ń rìn láti igun sí igun, náà ń wo b7 láti g2. Ní ìrìn kẹjọ, ojúkòkòrò mú mi fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ pọ́ọ̀nù b7. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ tèmi, róòkù mi jẹ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ náà wá gbé ayaba dúdú sí d5 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dákẹ́. Ayaba yẹn ń wo róòkù mi méjèèjì, ọ̀kan ní b7, èkejì ní h1, nítorí bíṣọ́ọ̀bù tí ó dí ọ̀nà ní g2 ti lọ kú sí b7. Ó ní ẹṣin ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé sí f3 láti halẹ̀ mọ́ e5, kí ọba wọlé (castling), kí róòkù kúrò ní igun. Ẹṣin yóò tún yà fún bíṣọ́ọ̀bù tó bá yá. Oṣù méjì ni mo ti ń fi ayò yẹn dá ara mi lẹ́bi, àlàyé rẹ̀ kò sì gba ọmọ náà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Kò sí rìsíìtì, jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì, tíṣà sì bá ọmọ náà wí níṣojú mi pé ó ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Máàkì 2 nínú 5. Síbẹ̀, mo ti san owó Sátidé mẹ́ta sílẹ̀, n ó sì máa lọ bí ọmọ náà bá wà níbẹ̀.