Alágbàfọ̀ tó wọ́n: ọdún méjì tí mo ti ń kó aṣọ lọ bá wọn l'Ókè-Àdó n'Íbàdàn

₦7,000 ni wọ́n dá lé aṣọ agbádá kan: agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa, ₦3,000 ló ń gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ iye yẹn, mo ti ń kó aṣọ mi padà sínú báàgì. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ò bínú. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó ná. Wíwò ò gbowó." Wíwò yẹn ló dá mi dúró. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ibẹ̀ ni gbogbo aṣọ òde ilé wa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Sányán bàbá mi ni. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún nígbà tí wọ́n lọ, mi ò sì kì í wọ̀ ọ́ àfi tí òde bá tó òde. Níbi ìgbéyàwó kan, epo ọbẹ̀ ta sí i láyà, mo wá gbé e lọ fún alágbàfọ̀ kan tí owó rẹ̀ rọjú. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, epo ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ojú ibẹ̀ ti di funfun, ó sì ti rà. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó ya. Mo béèrè, ó ní bí mo ṣe gbé e wá náà nìyẹn. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, omi ń dà lójú mi. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti fi aṣọ sílẹ̀ fún á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àǹtí Òkè-Àdó ló wá là mí lóye. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì lábẹ́ iná, wọ́n yí i sí òdì, wọ́n rọra fi ìka kan tẹ etí ibi tó ya. "Jíìkì ni wọ́n dà sí i, bọ̀dá. Sányán kì í ṣe òwú inú oko. Ara kòkòrò ló ti wá, bí irun orí ẹni ló ṣe rí. Jíìkì á jẹ ẹ́ ni." Wọ́n ní àwọn ò lè dá ibẹ̀ padà sí bó ṣe wà, àti pé ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, irọ́ ló ń pa. Ohun tí àwọn lè ṣe ni kí àwọn fọ ìyókù láì jẹ́ kó tún ya sí i, kí télọ̀ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ nínú. Bí wọ́n ṣe wí náà ni wọ́n ṣe. Ojú àpá náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ mo ti wọ aṣọ náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gba aṣọ lọ́wọ́ èèyàn gan-an yàtọ̀. Wọ́n á ka bọ́tìnì. Wọ́n á tú àpò wò (mo ti gba ₦2,000 àti káàdì báńkì padà lọ́wọ́ wọn). Bí ihò bá ti wà lára aṣọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi hàn yín kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn lọ́la. Wọ́n á bi yín pé kí ló ta sí i, torí ohun tó ń mú epo pupa kúrò kọ́ ló ń mú òógùn abíyá kúrò. Ìyàwó mi gbé àdìrẹ aláró kan lọ. Wọ́n fi aṣọ funfun tó tutù ra ìṣẹ́tí rẹ̀, aṣọ funfun náà sì gba aró lójú wa níbẹ̀. Wọ́n ní òun nìkan ló máa wà nínú ike tirẹ̀, omi tútù làwọn máa fi fọ̀ ọ́, abẹ́ òjìji làwọn sì máa sá a sí.

Lọ́jọ́ kan, òjò há mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, mo wá jókòó ti ọmọkùnrin tó ń lọ agbádá. Ó tẹ́ táwẹ̀lì nípọnnípọn, ó da ojú iṣẹ́ tí wọ́n kó sọ́rùn agbádá náà délẹ̀, ó fi aṣọ tútù bo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Kò fà á. Á gbé e lé e, á gbé e sókè, á tún sún síwájú. Nígbà tó yí agbádá náà padà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn dìde sókè bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n kó o. Níbòmíràn, ojú iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń gbé áyọ́ọ̀nù gígbóná gbà kọjá títí á fi lẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tó fi wà lórí agbádá kan ṣoṣo. Sítáàṣì náà, wọ́n máa ń sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣe funfun tóótòòtó lára aṣọ dúdú.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ mo ṣì fẹ́ mọ ibi tí owó mi ń lọ, mo bá bi wọ́n. Èmi rò pé iná ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí Band A (ìpele àwọn tí iná máa ń wà fún jù, tí owó iná wọn sì wọ́n jù) ni àdúgbò náà, gbogbo wa la sì rántí oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé yúníìtì kan láti ₦68 sí ₦225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n mi orí. "Gbogbo alágbàfọ̀ ló ń san owó iná, bọ̀dá. Àkókò ni mò ń tà. Tí n bá gba ₦3,000, mo ní láti fọ ìlọ́po méjì aṣọ tí mò ń fọ̀ kí n tó lè san owó oṣù àwọn ọmọ yìí. Níbẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ pọ̀ mọ́ra, tí màá sì máa wá jíìkì." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ná ọjà mọ́.

Wọ́n ti ṣe àṣìṣe rí. Wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn ló pè mí kí n tó mọ̀ rárá, wọ́n fi ọlọ́kadà gbé e wá lówó ara wọn, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹrù ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí owó fẹ́ gbẹ́nu sókè lọ́dún tó kọjá náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: ọjọ́ márùn-ún ni aṣọ máa ń lò, kò sí owó tí ẹ lè fi kún un kó yá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò sí. Ẹ má sì kó aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tàbí aṣọ ìgbélé lọ síbẹ̀, ìnákúnàá ni. Ilé la ti ń fọ tiwa.

Mo ní kí n fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà síbí, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó ọwọ́ àwọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n, ẹ tètè gbé aṣọ ọdún lọ o. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ni ìwé wọn ti kún, wọ́n sì dá aṣọ òkè mi padà fún mi lẹ́nu ọ̀nà.